Àbùjá fún Ọwọ́ Kan

Ní ilé ìtẹ̀wé Láoyè tó wà ní Òkè-Ogbo, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Mojíre ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ Yorùbá fún. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti wà nídìí kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé a máa tẹ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ: wọ́n á tẹ “owo”, wọ́n á sì fi òǹkàwé sílẹ̀ kó máa wò ó bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀, tàbí òwò. Mojíre kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì orí lẹ́tà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmì ìdí lẹ́tà kì í sá mọ́ ọn lójú. Ó sì yára. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ìka ọmọ òun ń sáré ju ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ, ìyẹn kì í sì ṣe àsọdùn ìyá lásán.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ó lọ kí àbúrò rẹ̀ tó bímọ ní Edùnàbọ̀n. Nígbà tó ń bọ̀, ọ̀kadà tó gùn yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọlọ́kadà dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Mojíre náà dìde, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò bá a dìde. Ọrùn ọwọ́ ti ṣẹ́ síbi méjì, iṣan tó ń jẹ́ kí ìka mọ nǹkan lára sì ti bàjẹ́. Eegun jinná láàárín oṣù mẹ́ta. Iṣan ni kò dáhùn. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò parọ́ fún un. Ó ní iṣan a máa hù padà díẹ̀díẹ̀ bí gbòǹgbò igi. Ó lè gba ọdún kan, ó lè gba ọdún méjì, ó sì lè má dé ìka láéláé. Ó ní kó máa fi ọwọ́ òsì ṣe ohun tó bá ṣe é ṣe.

Ọwọ́ òsì yìí kan náà ni wọ́n ti ń bá a wí lé lórí láti kékeré, pé ọmọ tí a kọ́ kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ní báyìí, òun ni Mojíre fi ń jẹun, òun ló fi ń de ìborí, òun ló sì fi ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu pé kí wọ́n má bínú.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, ó rí i pé jíjẹun tilẹ̀ rọrùn. Títẹ̀wé ni kò ṣe é ṣe. Bó ṣe máa ń tẹ àmì tẹ́lẹ̀ ni pé àtàǹpàkò ọ̀tún á di bọ́tìnnì kan mú, ìka òsì á di òmíràn mú, ìka kẹta á wá tẹ lẹ́tà. Bọ́tìnnì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbùjá tó mọ̀, àwọn bọ́tìnnì tí ènìyàn ń tẹ̀ pọ̀ kó má baà máa wá nǹkan kiri lójú kọ̀ǹpútà. Mojíre na ọwọ́ òsì lórí kíbọ́ọ̀dù títí ìka rẹ̀ fi ya bí ẹsẹ̀ akàn. Ní wákàtí kan, ojú ewé kan kò tíì pé ìdajì. Ọrùn ọwọ́ òsì náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ọ̀gá Láoyè kì í ṣe ìkà ènìyàn. Kò lé e. Ó gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní kó máa ka ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, kó máa fi bírò pupa tọ́ka sí àṣìṣe. Ó gba Ìtùnúolúwa, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní pólì, sídìí kọ̀ǹpútà. Ìtùnúolúwa yára, ara rẹ̀ sì yá mọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ àmì kankan í fi sórí ọ̀rọ̀. Ojú ewé tó bá tẹ̀, bí Mojíre bá ti kà á tán, pupa rẹ̀ á pọ̀ ju dúdú rẹ̀ lọ. Kò sí ìjà láàárín wọn. Àánú tí gbogbo wọn ń ṣe Mojíre gan-an ló ń dùn ún. Ó sọ fún Akínkúnlé ọkọ rẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń bú òun ni, òun ìbá mọ èsì tí òun ó fọ̀.

Akínkúnlé ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ó ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí Windows ti wúwo jù fún, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi bá a gbé Linux, ètò mìíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ, sí i kó lè máa mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, Mojíre ṣí i. Ó fẹ́ sọ lẹ́tà inú ètò ìkọ̀wé di ńlá kí ojú rẹ̀ lè gbà á, ni ó bá ṣèèṣì bọ́ sí ojú ewé kan tí kò dé rí. Gbogbo iṣẹ́ tí ètò náà lè ṣe ló wà níbẹ̀ ní ìlà ìlà, bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà níwájú rẹ̀. Àwòrán bírò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ni ètò náà bá bi í bọ́tìnnì wo ló fẹ́.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnì kan ló jókòó níbì kan tó yan àwọn bọ́tìnnì náà. Ó rò pé bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn, bí a ṣe dá etí mọ́ orí. Bí ẹnì kan bá sì lè yàn wọ́n, ẹlòmíràn lè tún wọn yàn.

Ó kà á síwájú, ó rí i pé kò pọn dandan kí ènìyàn di bọ́tìnnì mú pọ̀. Ó lè tẹ̀ wọ́n tẹ̀ léra, kó tẹ ọ̀kan, kó gbé ìka, kó tó tẹ èkejì. Ẹni tí kò lè fa igi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé kò lè fà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú di ti Mojíre àti láptọ́ọ̀pù náà. Ó kọ́kọ́ wá bọ́tìnnì tí Yorùbá kì í lò, tí ọmọ-ìka òsì sì lè dé láìnà. Ó rí ọ̀kan ní igun òkè lápá òsì, tó gbé àmì kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Ó sọ ọ́ ní Igun. Igun ni yóò máa tẹ̀ kó tó tẹ ohunkóhun mìíràn tó bá fẹ́ pàṣẹ. Fún àwọn àmì, ó wo kíbọ́ọ̀dù náà títí, ó sì rí i pé lẹ́tà W, S àti X tò lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. W tó wà lókè di àmì òkè. S tó wà láàárín di àmì ìsàlẹ̀. X tó wà nísàlẹ̀ pátápátá di àmì ìdí lẹ́tà. Bó bá tẹ “o”, tó tẹ Igun pẹ̀lú X, tó tún tẹ Igun pẹ̀lú W, ọ́ ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sójú ìwé. Fún àwọn iṣẹ́ tó kù, ó ní òun ó máa tẹ Igun lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó tẹ lẹ́tà, ó sì fi Yorùbá yan àwọn lẹ́tà náà: F láti fi iṣẹ́ pamọ́, W láti wá ọ̀rọ̀, D láti dá àṣìṣe padà. Gbogbo rẹ̀ wọ inú fáìlì kan ṣoṣo tí kò gùn ju ojú ewé ìwé àdúrà lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le. Ọwọ́ rẹ̀ a máa gbàgbé Igun, W á sì jáde lásán sí àárín ọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó tẹ odindi orí kan nínú Bíbélì láìwo ọwọ́. Akínkúnlé jókòó tì í, ó ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé. Àṣìṣe mẹ́fà ló rí. Méjì nínú wọn jẹ́ ti Akínkúnlé fúnra rẹ̀ tó ṣì í kà.

Mojíre gbé fáìlì náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí Ìtùnúolúwa jáde, ó dà á sórí kọ̀ǹpútà Windows tó wà níbẹ̀, tí ètò ìkọ̀wé kan náà wà lórí rẹ̀. W ṣiṣẹ́, X ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Igun a máa pa rọ́rọ́ nígbà mìíràn. Ó ṣe ọjọ́ mẹ́ta kó tó rídìí rẹ̀. Ètò àtijọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ gbé sórí kọ̀ǹpútà náà lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn, láti máa fi tẹ àmì, ló ń gbé bọ́tìnnì yẹn mì kó tó dé ọ̀dọ̀ ètò ìkọ̀wé. Ó yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ náà gan-an ló lọ pe Ọ̀gá Láoyè wá.

Láoyè dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Mojíre ní kó mú ìwé èyíkéyìí kó máa kà á fún òun. Láoyè ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé ìlera, ó ń kà á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ rìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe yẹ kó kà á. Nígbà tó parí, ó tẹ orí ba, ó wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa. Ó ní bí òun bá gbé iṣẹ́ ńlá lé e lọ́wọ́ tí kò bá wá yọrí ńkọ́? Mojíre ní kó gbé kékeré lé òun lọ́wọ́ kó wò ó. Láoyè ní iṣẹ́ kékeré kò sí nílẹ̀. Ti Dókítà Tẹniọlá ló wà.

Dókítà Tẹniọlá ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó ń ṣe ìwé sáyẹ́ǹsì kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Yorùbá látòkè délẹ̀: omi, afẹ́fẹ́, òkúta, ohun ọ̀gbìn. Ó ní inú ọ́fíìsì òun ni kí atẹ̀wé ti wá ṣe é, nítorí orí kọ̀ǹpútà òun ni àwọn àwòrán wà, àti pé òun yóò máa yí ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n bá ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ Ajé, Mojíre dé ibẹ̀ pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Mac ni kọ̀ǹpútà náà, ẹ̀gbọ́n Dókítà ló fi í ránṣẹ́ láti London. Mojíre kò tíì jókòó nídìí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ètò ìkọ̀wé kan náà ló wà lórí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ó tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó tẹ Igun, ó tẹ W. Dípò àmì òkè, nǹkan kan bí ejò méjì tó lọ́ mọ́ra ló jáde, W sì tẹ̀ lé e. Ó tún un tẹ̀. Ejò mìíràn. Ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó pa á rẹ́. Àbùjá tí ọwọ́ òsì lè dá tẹ̀ lórí Windows kò ṣe nǹkan kan níbí ju pé ó sáré lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Láàárín ìdajì wákàtí, ojú ìwé kún fún ejò. Dókítà Tẹniọlá ń yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò bí ẹni tí kò rí nǹkan, Mojíre sì mọ̀ pé ó rí i. Òógùn bo orí imú rẹ̀.

Níkẹyìn, Dókítà gbé ìwé sílẹ̀. “Ìyá Dàmọ́lá,” ó fi orúkọ ọmọ Mojíre pè é, “ẹ má ni ara yín lára. Ẹ jẹ́ kí Ìtùnúolúwa wá máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yin jókòó tì í kí ẹ máa ṣọ́ àmì.”

Ohùn àánú yẹn tún rèé. Mojíre gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó gbé e lé ìtan.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi títí di Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá ṣe é ṣe lọ́jọ́bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó mú Ìtùnúolúwa wá.”

Dókítà Tẹniọlá ní ó dára. Mojíre fi fóònù ya kíbọ́ọ̀dù náà ní fọ́tò kó tó kúrò níbẹ̀.

Nílé, ó tẹ fọ́tò náà jáde ní ìwọ̀n kíbọ́ọ̀dù gan-an, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bọ́tìnnì tí Linux àti Windows gbé sí igun òkè, àwọn tó ṣe kíbọ́ọ̀dù yìí ti gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, ejò wọn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó lè kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti máa lọ sí ìsàlẹ̀ bó bá wà ní ọ́fíìsì Dókítà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń kọ́ ọ̀nà méjì á ṣìnà nínú méjèèjì. Ó di ojú, ó gbé ọwọ́ lé bébà náà bí ẹni tó fẹ́ tẹ̀wé. Ọmọ-ìka rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó lọ bà lé orí ejò.

Akínkúnlé wọlé bá a bẹ́ẹ̀, ó ní kí ló dé tó ń fọwọ́ tẹ bébà.

“Ọwọ́ mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì, Bàbá Dàmọ́lá,” Mojíre ní. “Ibi tó wà ló mọ̀.”

Akínkúnlé fa àga, ó jókòó. Ó ní bí ọ̀rọ̀ máàpù náà ni: wọ́n lè yí orúkọ ìlú padà nígbà mẹ́wàá, ibi tí ìlú wà kò ní yẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹ̀rọ náà kò lè gba ibi dípò orúkọ.

Ìbéèrè yẹn ni Mojíre gbé lọ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà ètò ìkọ̀wé náà, tó jẹ́ pé òyìnbó rẹ̀ le bí eegun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fi kà á, Ọjọ́rú ló fi gbìyànjú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. A lè sọ fún ètò náà pé bọ́tìnnì tó wà ní ibi báyìí ni kó máa gbọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí rẹ̀. A sì tún lè fi àfikún sí ìlà kọ̀ọ̀kan pé, bó bá jẹ́ Mac, ṣe báyìí. Bó bá jẹ́ Windows tàbí Linux, ṣe tọ̀hún. Fáìlì kan náà ni, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò sì mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ó tún gbogbo ìlà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù, ó lọ dán an wò ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì. Ìkẹta ni kò ní ibi tó ti lè dán an wò.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé ọ́fíìsì náà kí Dókítà tó dé, ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó da fáìlì sórí Mac. Ó tẹ Igun, ó tẹ W. Ejò jáde.

Dókítà Tẹniọlá ti fi ọwọ́ kan fóònù rẹ̀ láti pe ilé ìtẹ̀wé. Mojíre rántí pé ìwé ìtọ́sọ́nà sọ̀rọ̀ nípa ojú ewé kan tó máa ń fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe ń pe bọ́tìnnì tí ènìyàn bá tẹ̀. Ó ṣí i, ó tẹ Igun. Ẹ̀rọ náà ń fi orúkọ mìíràn pe ibẹ̀, orúkọ tí Mojíre rò pé ti bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ni. Ó padà sínú fáìlì, ó wá ibi tó kọ Mac sí, ó yí orúkọ kan ṣoṣo yẹn padà, ó fi í pamọ́. Ó tẹ “o”. Ó tẹ Igun pẹ̀lú X, ó tẹ Igun pẹ̀lú W.

Ọ́ jókòó sójú ìwé, mímọ́ gaara.

Kò pariwo. Ó ní, “Dókítà, níbo la bá a dé?”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Wákàtí àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní wákàtí kejì, wọ́n dé ibi òjò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Dókítà Tẹniọlá kọ kùrukùru sí ibi tí omi ti ń gòkè lọ di ohun tí òjò ń ti inú rẹ̀ rọ̀. Mojíre ní kùrukùru ni èyí tó ń bo ojú ọ̀nà láàárọ̀ ọyẹ́, pé ìkùukùu ni ọmọdé yóò mọ̀ pé ó wà lójú ọ̀run. Dókítà ní bí wọ́n ṣe ń pè é nílé àwọn kọ́ nìyẹn, pé ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ ní ibùgbé tirẹ̀. Mojíre ní ọmọ tí yóò ka ìwé náà ní Ìsẹ́yìn ńkọ́? Wọ́n jà á lọ, wọ́n jà á bọ̀, wọ́n gbé méjèèjì sínú ìwé pẹ̀lú àlàyé. Bí Mojíre ti ń tẹ àlàyé náà lọ, Dókítà na ọwọ́ sókè.

“Ẹ rọra ná,” ó ní. “Mi ò tíì ronú tán, ẹ ti ń dúró dè mí.”

Ó sọ ọ́, ó padà sínú ìwé rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. Mojíre dojú kọ kọ̀ǹpútà, ó dúró, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó rọra nítorí pé ó yára jù.

Ìwé náà gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárín rẹ̀, Mojíre bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan kan bí ìrìn èèrà lára àtàǹpàkò ọ̀tún. Dókítà tó ń tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ ní àmì dáadáa ni, kó má kàn fi ọjọ́ kankan sọ́kàn. Ní ilé ìtẹ̀wé, Láoyè gbé tábìlì kejì wọlé. Ìtùnúolúwa, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé, ní kí Àǹtí Mojíre fún òun náà ní fáìlì yẹn, nítorí pé òkè, ìsàlẹ̀ àti ìdí yé òun lórí àtẹ̀gùn W, S, X ju bí wọ́n ṣe kọ́ òun nílé ìwé lọ. Bírò pupa wá ń pẹ́ kó tó tán.

Dókítà Tẹniọlá náà kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ìwé jáde, ó sọ fún un nípa Bàbá Awódélé, olùkọ́ àtijọ́ kan tó ń gbé ní ẹ̀yìn Ẹnuwá. Ọdún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì. Ó ti ń kọ ìwé kan lórí àwọn olùkọ́ tó kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lágbègbè náà, ó sì ti pa á tì.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Mojíre kúnlẹ̀ kí Bàbá náà nínú yàrá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mojíre ṣí aṣọ, ó nu eruku, ó da ètò ìkọ̀wé náà àti fáìlì rẹ̀ sórí rẹ̀, ó sì fi W, S, X han Bàbá. Bàbá Awódélé na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó kù fún un, ré kọjá kíbọ́ọ̀dù lọ sí apá òsì lọ́hùn-ún. Ó tẹ méjì, ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Ọmọ mi, ọwọ́ tìrẹ ni èyí,” ó ní. “Kì í ṣe tèmi.”

Òótọ́ ni. Mojíre kò tíì ronú kan ìyẹn. Ó fa àga mọ́ Bàbá, ó ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé kíbọ́ọ̀dù bó ṣe rọrùn fún un, kó má wo nǹkan kan. Ó wo ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan bà lé. Lẹ́tà O wà lókè, L wà lábẹ́ rẹ̀, àmì ìdánudúró tó jẹ́ ẹyọ tóró kan sì wà lábẹ́ L. Ó bi Bàbá bóyá òkè, ìsàlẹ̀ àti ìdí lè wà níbẹ̀. Bàbá ní ẹyọ tóró yẹn tilẹ̀ ti jọ àmì ìdí tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá Igun tuntun; wọ́n rí i lókè bọ́tìnnì Ẹ́ńtà, níbi tí ọmọ-ìka Bàbá ti ń sinmi. Mojíre fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tún gbogbo ìlà inú fáìlì kọ, Bàbá Awódélé ń sọ fún un èyí tí òun fẹ́ àti èyí tí òun kò fẹ́.

Nígbà tí oòrùn dé àárín yàrá, Bàbá ní kí ó jẹ́ kí òun dá a gbìyànjú. Ó tẹ lẹ́tà kan, ó dúró, ó tẹ òmíràn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ṣì ní àmì òkè níbi tó yẹ kí ti ìsàlẹ̀ wà. Mojíre na ọwọ́ láti bá a tún un ṣe.

“Fi í sílẹ̀,” Bàbá ní, ó ti ń wá bọ́tìnnì tó ń dá àṣìṣe padà. “Èmi ni n ó tún un ṣe.”